Ìwúwo Ọkọ̀ àti Ìgbọràn Rẹ̀

Bí ènìyàn bá dúró sí etí ọjà Owódé ní ìlú Ọ̀fà ní ọjọ́ tí ọjà kún, ohun kan wà tí yóò rí ṣùgbọ́n tí ó lè má fiyè sí. Obìnrin tí ó fẹ́ ru ànàmọ́ lọ sílé kì í kàn gbé ẹrù karí kí ó sì máa lọ. Yóò kọ́kọ́ ká òṣùká, yóò fi í lé àtàrí, wọn yóò sì bá a gbé ẹrù náà rù. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi ọwọ́ méjèèjì sún un síwájú díẹ̀ tàbí sẹ́yìn díẹ̀ títí ọrùn rẹ̀ yóò fi nà tọ́. Ìgbà náà ni yóò tó sọ ọwọ́ sílẹ̀, tí yóò sì máa bá ẹnìkejì rẹ̀ tàkúrọ̀sọ lọ bí ẹni tí kò ru nǹkan kan. Kò sí ohun tí ó yọ nínú ẹrù, kò sì sí ohun tí ó fi kún un. Ibi tí ẹrù jókòó sí nìkan ni ó yí padà.

Ní ibùdókọ̀, ọgbọ́n yìí kì í sábà bá ẹrù dé ibẹ̀. Àpò ànàmọ́ kan náà tí a fi ẹ̀sọ̀ gbé karí ni wọn yóò tì sí ibikíbi tí àyè bá ṣẹ́kù. Wọn a kó o sínú búùtù títí ìdérí rẹ̀ kò fi ní lè padé mọ́, wọn a sì fi okùn dì í. Tàbí kí wọ́n tò ó sórí ọkọ̀ ní ìpele-ìpele. Ìbéèrè tí ó máa ń jáde lẹ́nu awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ ni pé, “Ṣé yóò gbà?” Kì í pọ̀ kí ẹnikẹ́ni béèrè pé, “Níbo ni ó yẹ kí ó wà?” Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí ó ti Ọ̀fà gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ìlọrin, àti èyí tí ó gba Òkukù àti Ìkìrun lọ sí Òṣogbo, kò sí èyí tí ó tọ́ bí ọ̀pá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú méjèèjì. Ìbéèrè kejì yìí tí a kò béèrè ní ibùdókọ̀ ni ọ̀nà yóò béèrè ní kọ́nà, ìdáhùn rẹ̀ sì lè jẹ́ ẹ̀mí ènìyàn.

Ìwúwo ọkọ̀ ní ọ̀nà méjì tí a fi ń wò ó. Èkíní ni bí ó ti pọ̀ tó. Èkejì ni bí ó ti pín sórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọkọ̀ fi dúró. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ti èkíní, nítorí pé ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù a máa kérora bí ó bá ń gun òkè. Ti èkejì kì í pariwo. Ọkọ̀ méjì lè ru ẹrù kan náà, kí ọ̀kan máa gbọ́ràn sí awakọ̀ lọ́wọ́, kí èkejì sì ṣe orí kunkun ní ọjọ́ tí a nílò ìgbọràn rẹ̀ jù lọ.

Ìlú Ọ̀fà mọ irú ọkọ̀ mìíràn tí kò ní ìṣòro yìí. Kí ọdún 1910 tó dé ni ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ti la Ọ̀fà kọjá lọ sí Ìlọrin àti Jẹ́bà. Ẹni tí ó ń wa rélùwéè kò ní ohun tí yóò fi yà á sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Irin tí ó wà nílẹ̀ ni ó ń darí rẹ̀. Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí irin tí ó dì í mú. Ibi tí táyà ti fara kan ilẹ̀ nìkan ni ó fi ń di ọ̀nà mú, ibẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin péré ni ọkọ̀ ní. Òun ni ó fi ń sáré, òun ni ó fi ń yà, òun náà ni ó fi ń dúró. Ìwúwo tí ó bà lé àtẹ́lẹwọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń sọ bí yóò ti di ilẹ̀ mú tó.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yéni, ẹ jẹ́ kí á mú ọkọ̀ kan tí ó wúwo tó 1,200 kìlógíráàmù. Àwọn ẹsẹ̀ iwájú ru 600, àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà sì ru 600. Àlàfo tí ó wà láàrin ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.5. Bí wọ́n bá gbé àpò kan tí ó wúwo tó 100 kìlógíráàmù sí àárín méjì ọkọ̀ náà gẹ́lẹ́, iwájú yóò gba 50, ẹ̀yìn yóò sì gba 50. Kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé àpò kan náà sínú búùtù, ní ibi tí ó fi ìdajì mítà kọjá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìṣirò yí padà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò ní gba 100. 120 ni yóò gbà. Iwájú yóò wá fi 20 dín sí ti àtẹ̀yìnwá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn di ibi tí ọkọ̀ fi ara tì, bí igi tí àwọn ọmọdé gùn ní orí méjèèjì: bí ẹ̀yìn ti ń lọ sílẹ̀ ni iwájú ń gbé sókè.

Àpò kan nìyẹn. Bí àpò bá di mẹ́ta níbẹ̀, ẹ̀yìn yóò ru 960 kìlógíráàmù, iwájú yóò sì ṣẹ́ku 540. Bí wọ́n bá ti kó àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àárín ni, 750 ni ìhà kọ̀ọ̀kan ìbá rù. Ẹrù kò yàtọ̀, owó ẹrù kò yàtọ̀, epo tí ọkọ̀ yóò jó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Síbẹ̀ ọkọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti di lójú ọ̀nà.

Àbájáde rẹ̀ pín sí méjì. Ẹsẹ̀ iwájú ni awakọ̀ fi ń darí. Bí ìwúwo tí ó wà lórí rẹ̀ bá dín kù, táyà iwájú kò ní di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́. Awakọ̀ yóò yí ọwọ́ ìtọ́kọ̀, yóò rí i pé ó fẹ́lẹ́ lọ́wọ́ òun, ọkọ̀ yóò sì lọ́ra kí ó tó yà. Èyí burú, pàápàá nígbà tí òjò bá rọ̀. Èkejì tún burú jù ú lọ. Ẹ̀yìn tí ó wúwo jù kì í fẹ́ yà pẹ̀lú iwájú. Bí iwájú bá ti yà, ẹ̀yìn a máa fẹ́ lọ tààrà síbi tí ó ń lọ tẹ́lẹ̀, títí yóò fi gbá yọ tí ọkọ̀ yóò sì yí po.

Níbí ni àwọn awakọ̀ kan ti máa ń jiyàn. Wọn a ní ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo ni ó ń di ilẹ̀ mú, pé ọkọ̀ òfìfo ni ó ń fò kiri. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò pé. Lóòótọ́ ni táyà tí ó ru ìwúwo púpọ̀ ń di ilẹ̀ mú ju èyí tí ó ru díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ìwúwo bá di ìlọ́po méjì, dídì mú rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì. Kì í tó bẹ́ẹ̀. Agbára tí ó ń ti ọkọ̀ síta ní kọ́nà ní tirẹ̀ ń di ìlọ́po méjì pérépéré, kò gbàgbé kọ́bọ̀. Nítorí náà, bí ẹrù ti ń pọ̀ lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni gbèsè rẹ̀ ń ga ju owó ọwọ́ rẹ̀ lọ. Lórí ọ̀nà tí ó tọ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Kọ́nà ni ẹlẹ́ṣin yóò ti dé láti gba gbèsè.

Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ asáré ti bá ọ̀rọ̀ yìí jà gidigidi. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Porsche ní Jámánì gbé ọkọ̀ 911 hàn ní ọdún 1963, ẹ̀yìn ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí, ó tilẹ̀ kọjá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ọkọ̀ náà yára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ a máa fẹ́ gbá yọ ní kọ́nà. Ìgbà kan wà tí wọ́n tilẹ̀ fi irin wúwo sínú bọ́ńpà iwájú kí iwájú lè tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó yá, nínú ọkọ̀ ọdún 1969, wọ́n ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn ní mìlímítà 57 péré láì sún ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì fi bátìrì kékeré méjì sí igun iwájú méjèèjì. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Porsche kò dín ẹ́ńjìnnì kù. Wọ́n sún òṣùká.

Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ General Motors gbé Chevrolet Corvair jáde gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 1960. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ náà wà. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kí ó lè gbọ́ràn ni afẹ́fẹ́ táyà: wọ́n ní kí afẹ́fẹ́ iwájú jẹ́ 15, kí ti ẹ̀yìn jẹ́ 26. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò rò pé àṣìṣe ni, yóò sì fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní iye kan náà, láì mọ̀ pé òun ti tú ohun tí wọ́n fi ọgbọ́n so. Ọkọ̀ yìí ni Ralph Nader fi bẹ̀rẹ̀ ìwé tí ó kọ ní ọdún 1965 lórí ewu tí ó wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe nígbà náà. Ní ọdún 1972, ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé Corvair kò burú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ìgbà náà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò kú: afẹ́fẹ́ táyà jẹ́ apá kan nínú ètò ìwúwo ọkọ̀, kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú díwọ̀n.

Ní ilé wa, àpẹẹrẹ wà nítòsí. Volkswagen tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú sì ni ibi ẹrù rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá kó ẹrù díẹ̀ sí iwájú rẹ̀ ń ran ọkọ̀ náà lọ́wọ́. Ẹ wá wo Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975 kan náà, tí ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ ọba ibùdókọ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Oríṣi méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀: èyí tí ó ní búùtù, àti èyí tí ó gùn tí ó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta. Nínú ti àkọ́kọ́, àlàfo tí ó wà láàrin ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.74. Nínú ti èkejì, àlàfo náà jẹ́ mítà 2.90, irin ẹ̀yìn rẹ̀ sì yàtọ̀, ó lágbára jù. Àwọn tí ó ṣe é kò kàn fa ìdí ọkọ̀ gùn kí èrò lè pọ̀. Wọ́n ti ẹsẹ̀ lọ bá ìwúwo. Ẹni tí ó wá kó àpò mẹ́rin sẹ́yìn ìlà kẹta ti gba ohun tí wọ́n fi fún un padà lọ́wọ́ ọkọ̀.

Yàtọ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn, òkè àti ìsàlẹ̀ tún wà. Bóyá ni ìlú kan wà tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé ju Ọ̀fà lọ, nítorí pé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó mọ ọmọ Ọ̀fà mọ́ ìjàkadì. Ẹni tí ó bá ń jà kì í dúró ṣánṣán. Yóò ya ẹsẹ̀, yóò tẹ orúnkún, yóò sì mú ìbàdí sún mọ́ ilẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ìwúwo òun bá ti ga ni yóò ti rọrùn tó láti gbé òun ṣubú. Ọkọ̀ tí wọ́n to ẹrù lé lórí dà bí ajàkadì tí ó nàró, tí ó tún gbé ọmọ kọ́rùn. Bí ọkọ̀ ti 1,200 kìlógíráàmù yẹn bá ní àárín gbùngbùn ìwúwo rẹ̀ ní ìdajì mítà sókè láti ilẹ̀, tí awakọ̀ sì tẹ bíréèkì débi ìdajì agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan, 120 kìlógíráàmù yóò kúrò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bọ́ sórí ti iwájú. Bí àárín ìwúwo náà bá ga dé mẹ́ta nínú mẹ́rin mítà, 180 ni yóò sún. Ní kọ́nà, bákan náà ni yóò ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sórí ti òsì, tàbí ti òsì bọ́ sórí ti ọ̀tún, títí ẹsẹ̀ ìhà kan yóò fi kúrò nílẹ̀.

Ẹrù tí ń rìn tún wà. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí kò kún ń da omi rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Àpò tí a kò dì ń yí gbirigbiri. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dábùú irin sínú táńkà tí ń gbé epo bẹntiróòlù, kí epo má baà sáré lọ kó jọ síbì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Awakọ̀ lè fọkàn sí ìwúwo tí ó dúró sójú kan. Èyí tí ń rìn ń ṣe ìpinnu tirẹ̀.

Àwọn tí ń fi ọkọ̀ díje tún lọ síwájú sí i. Lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, wọn a gbé òṣùwọ̀n sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òṣùwọ̀n mẹ́rin fún ọkọ̀ kan. Wọn a kọ́kọ́ tún afẹ́fẹ́ táyà ṣe, wọn a sì mú kí awakọ̀ jókòó sí àyè rẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé ohun tí ó wúwo tó o síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá máa yí ìdè tí ó wà lábẹ́ sípíríǹgì. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti jókòó lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ẹsẹ̀ kan gùn ju ìyókù lọ. Ẹsẹ̀ gígùn náà àti èyí tí ó wà ní igun kejì tí ó dojú kọ ọ́ ni yóò ru ìwúwo. Àwọn méjì yòókù yóò máa mì. Bí wọ́n bá gbé igun kan ọkọ̀ sókè, igun náà àti ìdojúkọ rẹ̀ yóò wúwo sí i, àwọn méjì yòókù yóò sì fúyẹ́. Nípa báyìí ni wọ́n fi ń mú kí ọkọ̀ yà sí ọ̀tún bí ó ti ń yà sí òsì.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí fún mẹkáníìkì tí kò ní òṣùwọ̀n kankan. Àkọ́kọ́ ni pé sípíríǹgì kan ṣoṣo tí a pààrọ̀, tí a fi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ògbólógbòó sílẹ̀, ti sọ ọkọ̀ di àga ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Èkejì ni pé sípíríǹgì kò lè sún ìwúwo láti ẹ̀yìn bọ́ síwájú. Awakọ̀ tí ó bá fi sípíríǹgì líle sẹ́yìn nítorí ẹrù yóò rí i pé ìdí ọkọ̀ kò wọ́lẹ̀ mọ́, yóò sì rò pé òun ti rí ojútùú. Ojú ni ó tàn án. 960 tí ó wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó kúrò níbẹ̀ ní láti gbé ẹrù náà kúrò.

Wọ́n lè wí pé ẹrù ni owó, pé awakọ̀ tí ó bá kọ ẹrù yóò pa ebi mọ́nú, àti pé oníṣòwò tí kò bá rí àyè fún àpò rẹ̀ yóò wo ànàmọ́ rẹ̀ títí yóò fi jẹrà. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń béèrè kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé èyí tí ó wúwo jù wọlé, kí wọ́n fi í sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ó sún mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, kí ó má jìnnà sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Kí èyí tí ó fúyẹ́ wà lókè. Kí ọ̀tún àti òsì bára dọ́gba. Kí wọ́n di gbogbo rẹ̀ pinpin. Kí wọ́n wo àkọlé tí ó sábà máa ń wà lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀, tí ó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tí táyà ẹ̀yìn ń fẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá rẹrù. Èyí kì í ṣe àṣẹ láti di ẹrù ju agbára ọkọ̀ lọ o. Ẹrù tí ó pọ̀ jù kò ní ibi tí ó dára láti gbé e sí.

Èrò náà ní ipa tirẹ̀. Láti ọdún 1988 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè wà ní gbogbo ibùdókọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń di ẹrù. Àwọn tí yóò jókòó sínú ọkọ̀ ni ó wà níbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àgbàlagbà kan bá lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún àpò yẹn wá síwájú,” ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sí awakọ̀ tí ó lè sún ẹrù nígbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá yọ ní kọ́nà. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe ní àkókò náà kò tó nǹkan. Ibùdókọ̀ ni a ti ń ya kọ́nà. Obìnrin tí ó ru ànàmọ́ kúrò ní ọjà mọ èyí kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ yìí: kí ó tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ti sún ẹrù rẹ̀ sí ibi tí ó yẹ.